Ife Bíà Mẹ́rìnlá ní Köln àti Ẹ̀bẹ̀ Tí Mi Ò Bẹ̀

Sharpstown, Houston
Oṣù Kẹjọ, 1984

Àjọkẹ́ mi,

Ní Sátidé tó kọjá tí o pè mí láti Clear Lake, mo gé fóònù mọ́ ọ létí. Kì í ṣe ìwà mi, o sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí o sọ kò ju pé, "Daddy, ẹ bá wa lọ now. Ẹ̀yin lẹ mọ Germany, ẹ máa fi gbogbo ibi tí beer ti dùn hàn wá." Mo ní rárá. O bi mí pé kí ló dé, mo sì gbé fóònù sílẹ̀. Nígbà tí mo fi máa rò ó pé kí n pè ọ́ padà, ojú ti ń tì mí. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò. Mo mọ̀ pé Yorùbá kíkà máa ń rẹ̀ ọ́. Rọra kà á sókè, bí o ṣe máa ń ka Bíbélì fún mi ní Ìbàdàn kí a tó wá sí ìlú yìí.

Ìbéèrè méjì ni o bi mí. Èkíní, báwo ni ìwọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ méjèèjì níbi iṣẹ́ ṣe máa ṣètò ọjọ́ mẹ́jọ tí ẹ fẹ́ fi mu bíà káàkiri ìlú Jámánì. Èkejì, ṣé màá bá yín lọ. Màá kọ́kọ́ dáhùn èkíní, nítorí òun ló rọrùn.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, jẹ́ kí n sọ pé inú mi dùn sí iṣẹ́ rẹ. Ọmọ tí mo gbé kọ́rùn ní Ìbàdàn ló wá ń bá àwọn tó ń rán èèyàn lọ sí òfúrufú ṣiṣẹ́. Màmá rẹ náà ń dúpẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bíà yìí ò yé e. Ó ní, "Ọlọ́run fún ọmọ níṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń lọ sókè, vacation àkọ́kọ́, beer parlour ló fẹ́ lọ. Ṣé kò sí church ní Germany ni?" Mo ní church wà, pé ní ọ̀pọ̀ ìlú wọn, ilé ọtí ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì.

Ó dáa. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ni pé ìlú tí o kọ sílẹ̀ ti pọ̀ jù. München, Nürnberg, Bamberg, Düsseldorf, Köln, ní ọjọ́ mẹ́jọ péré? Ẹsẹ̀ wo lẹ fẹ́ fi rìn ín? Kì í ṣe freeway lẹ ń lọ gùn. Nígbà tí mo gba ìsinmi mi àkọ́kọ́ níbẹ̀, tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún tí ara ń yá, mo wọ ọkọ̀ ojú irin, mo lọ sí ìlú mẹ́rin ní ọjọ́ mẹ́ta. Ohun tí mo rántí nínú gbogbo rẹ̀ ni bí àga stéṣọ̀n ṣe le tó. Ẹ mú ìlú méjì. Ẹ fi München sílẹ̀, nítorí ìgbà àjọ̀dún ọtí wọn lẹ fẹ́ lọ, àwọn tó mọ ibẹ̀ ti gba yàrá sílẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Ẹ lo ọjọ́ mẹ́rin ní Bamberg, ọjọ́ mẹ́rin ní Köln. Ẹ jókòó síbi kan títí agbọ́tí á fi mọ ojú yín. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ẹ̀kejì, ẹ jẹun kí ẹ tó mu nǹkan kan. Bíà tiwọn kì í ṣe omi inú agolo tí àwọn èèyàn fi ń pa òùngbẹ nígbà tí wọ́n bá ń gé koríko iwájú ilé níbí. Oúnjẹ ni wọ́n kà á sí. Ní Bamberg, wọ́n máa ń fi èéfín igi gbẹ ọkà tí wọ́n fi ń pọn ọ́n, nítorí náà ife àkọ́kọ́ á máa rùn sí yín bí ẹja gbígbẹ. Ẹ má yínmú. Ẹ mu ún tán, ẹ mu èkejì, ìgbà yẹn lẹ máa tó mọ̀ bóyá ó dùn.

Kò sí bí mo ṣe máa sọ̀rọ̀ òórùn tí mi ò ní sọ èyí fún ọ. O mọ̀ pé ilé iṣẹ́ bíà kan nílé ló rán mi lọ sí Köln láti lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń pọn ọ́n. Ọdún tí mo lọ, ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni, kò sì tíì pé oṣù mẹ́fà. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọlé sí ibi tí wọ́n ti ń se ọkà tí wọ́n ti mú hù, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mi ò lè rìn. Òórùn ẹ̀yìnkùlé wa ni. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ni ìyá mi ń pọn, àgbàdo tó hù, tí wọ́n sá sórí ẹní, tí wọ́n wá sè títí ilé á fi máa ta sánsán. Mo dúró láàrin àwọn òyìnbó wọ̀nyẹn, mo ń wá ìyá mi. Títí di òní, ní ilé iṣẹ́ wàrà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí, tí mo bá ṣí ìdérí ìkòkò ńlá láti yẹ̀ ẹ́ wò, imú mi ṣì máa ń retí òórùn yẹn. Wàrà ni mo máa ń bá níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ ṣọ́ tábìlì tí ẹ máa jókòó sí. Nínú ilé ọtí wọn, ẹ lè bá ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí jókòó, ẹ kàn máa kí i kí ẹ tó fa àga. Ṣùgbọ́n tábìlì kan máa ń wà tó jẹ́ ti àwọn oníbàárà àtijọ́, wọ́n sì máa ń gbé àmì kékeré kan sórí rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo lọ jókòó sí ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ mi. Bàbá kan wá, wọ́n dúró tì mí, wọ́n ṣáà ń wò mí bí ẹni tó bá ewúrẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. O mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kì í jókòó sórí àga mi nílé. Bákan náà ni.

Ẹ̀kẹrin ni ọ̀rọ̀ ojú, èyí ló sì ṣe pàtàkì fún ọmọ tí èmi tọ́. Bí ẹ bá fẹ́ mu, wọ́n á ní kí ẹ fi ife kan ife. Nígbà yẹn, wo ẹni náà lójú. Mo mọ̀ pé láti kékeré la ti ń sọ fún ọ pé má wo àgbà lójú kòró. Èmi náà ń wolẹ̀ ni, mo ń fi ọ̀wọ̀ hàn, oṣù kan kọjá kí ẹnì kan tó sọ fún mi pé àwọn àgbà ibi iṣẹ́ rò pé mo ń fi nǹkan pamọ́ fún wọn ni. Àwọn náà mọ̀ pé ojú lọ̀rọ̀ wà. Wò wọ́n, kí o rẹ́rìn-ín, kí o tó mu.

Mi ò ka nọ́ńbà mọ́ báyìí, torí mo ti dé Köln.

Ife tí wọ́n fi ń mu bíà ní Köln kéré, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Àwọn agbọ́tí wọn máa ń ró aṣọ búlúù mọ́dìí, ẹnu wọn sì mú. Bí ife rẹ bá ti gbẹ, agbọ́tí á gbé òmíràn síwájú rẹ láìbéèrè, á fi pẹ́ńsùlù fa ìlà kan sára páálí kékeré tí ife jókòó lé. Bí o bá ti mu tó, páálí yẹn ni kí o mú, kí o fi bo ẹnu ife. Bí wọ́n ṣe ń sọ pé ó tó, ẹ ṣeun, nìyẹn. Ẹnikẹ́ni ò sọ èyí fún mi, Àjọkẹ́. Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, nítorí náà gbọ́ bí mo ṣe jìn.

Yàrá kan lókè pẹ́tẹ́ẹ̀sì ni mo ń gbé lọ́dọ̀ opó kan tí wọ́n ń pè ní Frau Lenz. Èmi ń pè wọ́n ní Màmá, wọ́n sì gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti lé ní àádọ́ta ọdún díẹ̀. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí bá ogun lọ. Nígbà tí òtútù àkọ́kọ́ dé, tí mo ń gbọ̀n nínú ẹ̀wù tí mo gbé wá láti ilé, wọ́n mú kóòtù ọmọ yẹn jáde nínú àpótí, wọ́n fi wọ̀ mí, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn de bọ́tìnnì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan dé ọrùn. Láti ọjọ́ tí ìyá mi ti kú, kò sí ẹni tó ṣe mí bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún yẹn, ọjọ́ ìbí ọmọ náà bọ́ sí ọjọ́ Sunday. Wọ́n sọ fún mi láti ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú pé àwọn máa se oúnjẹ tó fẹ́ràn, kí n wá bá àwọn jẹ ẹ́ ní aago kan ọ̀sán. Wọ́n ní, "Láti ìgbà tí ogun ti parí, èmi nìkan ni mo ń jẹ oúnjẹ yìí." Mo ní, "Màmá, màá wà níbẹ̀."

Láàárọ̀ Sunday yẹn, àwọn méjì tí a jọ ń ṣiṣẹ́ mú mi lọ sí ilé ọtí lẹ́yìn ìsìn, bí àwọn ọkùnrin ibẹ̀ ṣe máa ń ṣe. Lẹ́yìn wákàtí kan, àwọn lọ sọ́dọ̀ ìyàwó wọn. Èmi náà fẹ́ dìde, ṣùgbọ́n agbọ́tí gbé ife míì wá. Irun bàbá agbọ́tí náà funfun, wọ́n tó bàbá mi í bí. Mo rò pé wọ́n rí mi gẹ́gẹ́ bí àlejò ni, tí wọ́n fẹ́ ṣe mí lóore. Ọmọ tí a kọ́ nílé kì í kọ ohun tí àgbà bá gbé fún un. Mo dìde díẹ̀ lórí àga, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, mo dúpẹ́, mo sáré mu ún kí n lè máa lọ. Bí mo ṣe gbé ife kalẹ̀ báyìí, òmíràn dé. Bí mo ṣe ń yára mu ún tó ni wọ́n ń yára gbé e wá tó. Bàbá yẹn náà á ti rò pé òùngbẹ ọmọ dúdú yìí pọ̀. Ife mẹ́rìnlá, ọmọ mi. Ọkùnrin kan tó wà nítòsí ló ṣàánú mi níkẹyìn, tó nawọ́, tó fi páálí bo ife mi.

Mo ṣìnà títí, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni mo délé, mo ń di ògiri mú. Màmá jókòó sídìí tábìlì, wọ́n wọ aṣọ dúdú tí wọ́n fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àwo méjì wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan ọ̀kan nínú wọn. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. Wọ́n ní, "Oúnjẹ ti tutù." Wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá wọn, wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Ìmutí yẹn kọ́ ni àṣìṣe mi tó burú jù. Ohun tó tẹ̀lé e ni.

Bí mo bá ṣẹ àgbà nílé, mi ò ní kàn lọ dúró síwájú wọn kí n máa sọ̀rọ̀. Ta ni mí? Bàbá mi á wá àgbà méjì, àwọn á ṣáájú, èmi á tẹ̀lé wọn, wọ́n á bá mi bẹ̀bẹ̀, èmi á dọ̀bálẹ̀ gbalaja sẹ́nu ọ̀nà. Kí onípẹ̀ tó dé, mi ò gbọdọ̀ jẹ́ kí ojú èmi àti àgbà yẹn pàdé. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni mo sì fẹ́ ṣe é ní Köln. Mo bẹ ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ pé kí ó ṣáájú mi lọ bẹ Màmá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n ra òdòdó, kí n kan ilẹ̀kùn, kí n sọ pé mo ṣàṣìṣe. Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mo kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n kan, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Bonn. Wọ́n ní, "Fara balẹ̀, àbúrò. Màá wá bá ẹ bẹ̀ wọ́n ní ìparí oṣù."

Mo fara balẹ̀. Mo ń jáde kí Màmá tó jí, mo ń bọ́ bàtà mi sọ́wọ́ kí n tó gun àtẹ̀gùn ní ìrọ̀lẹ́. Bí mo bá gbọ́ ohùn wọn nísàlẹ̀, màá dúró sí yàrá. Ọ̀wọ̀ ni mo rò pé mo ń bù fún wọn. Ìparí oṣù dé, ìdánwò dé bá ẹ̀gbọ́n ọmọ Ìjẹ̀bú, wọn ò lè wá. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ilé iṣẹ́ gbé mi lọ sí ìlú mìíràn láti lọ parí ẹ̀kọ́ mi. Ọjọ́ tí mo kẹ́rù, Màmá wà lọ́jà. Mo gbé kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì, mo fi kóòtù kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo lọ.

Mo ti padà sí Ìbàdàn kí lẹ́tà wọn tó bá mi. Kò gùn. Wọ́n ní: "Mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ lórí àtẹ̀gùn bó tilẹ̀ jẹ́ pé o bọ́ bàtà. Ojoojúmọ́ ni mo ń dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn kí o kàn án. Kí ni mo ṣe fún ọ?"

Ọdún mẹ́rìnlélógún nìyí. Mi ò fèsì. Mo rò pé lẹ́tà ò tó fi bẹ àgbà, pé èèyàn gbọ́dọ̀ lọ fúnra rẹ̀, mi ò sì lọ. Mo fi bíà sílẹ̀, mo fi iṣẹ́ bíà sílẹ̀, mo wọ sùtánà funfun ìjọ aládùúrà, mo kó yín wá sí Houston, lẹ́tà yẹn sì wà nínú àpò ìwé mi ní gbogbo ibi tí a kó dé. Ṣé o rántí pé mo máa ń wakọ̀ lọ sí Rosenberg, ìlú kékeré tí kò jìnnà sí Houston, ní Sátidé láti lọ ra sọ́séèjì? Àwọn Jámánì àtijọ́ kan wà níbẹ̀, bàbá tó ń ta ẹran náà sì ṣì ń sọ èdè náà. Mo máa ń fìdí kalẹ̀, mo máa ń bi wọ́n ní ìbéèrè tí mo ti mọ ìdáhùn rẹ̀, kí n ṣáà lè gbọ́ ọ. Ohùn Màmá ni mo ń wá lọ síbẹ̀. Mo fẹ́ràn wọn, Àjọkẹ́. Àárò wọn ń sọ mí bí àárò ẹni tó bí mi.

Ìmọ̀ràn tí mo ní fún ọ gan-an nìyí, gbogbo ti bíà tí mo sọ ṣáájú, eré ni. Bí o bá ṣẹ ẹnikẹ́ni, ọ̀gá rẹ ni o, ọ̀rẹ́ rẹ ni o, ọkọ tí wàá fẹ́ lọ́la ni o, lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ọ̀rọ̀ ò bá tilẹ̀ sí lẹ́nu rẹ, lọ dúró níbẹ̀. Mi ò bú àṣà wa. Àṣà tó dára ni, nílé, níbi tí àgbà ti pọ̀ tó máa bá ọ bẹ̀bẹ̀. Lẹ́yìn odi, níbi tí o ò ti ní ẹnì kan, má jókòó dè é. Ìtìjú tí kò bá ju ọjọ́ kan lọ, èèyàn á gbà á mọ́ra. Mo sọ tèmi di ọdún mẹ́rìnlélógún. Nítorí náà, èmi bàbá rẹ ń bẹ̀ ọ́ fún fóònù ọjọ́ Sátidé, mi ò sì rán ẹnikẹ́ni sí ọ. Má bínú, ọmọ mi.

Ohun kan ló kù. Ní Tuesday, kí n tó lọ síbi iṣẹ́, mo ní kí operator bá mi wá nọ́ńbà wọn ní Köln. Ó rí i. Fóònù dún lẹ́ẹ̀mẹrin. Ní ilẹ̀ wọn, ẹni tó bá gbé fóònù á dá orúkọ ara rẹ̀. Wọ́n ní, "Lenz." Ohùn yẹn ti gbó, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n. Mo la ẹnu mi, kò sí ọ̀rọ̀ kan tó jáde. Wọ́n ní "Hallo" lẹ́ẹ̀mejì, mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí, lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé e sílẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún màmá rẹ. Ó ní, "Gbogbo sausage Rosenberg tí mo ti ń dín láti ọjọ́ yìí, ẹ ò sọ fún mi." Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ lọ, Bàbá Àjọkẹ́. Mo máa bá yín sọ fún Wòlíì ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ṣùgbọ́n ẹ ò gbọdọ̀ mu beer o."

Ìdáhùn ìbéèrè rẹ kejì ni pé màá lọ. Bá mi ra tíkẹ́ẹ̀tì mọ́ tiyín. Ẹ lo ọjọ́ mẹ́rin yín ní Bamberg, èmi á ti máa lọ sí Köln tààrà. Mi ò fẹ́ kí o tẹ̀lé mi dé ilé wọn. Bí mo bá rí ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, màá tún fi ọ́ ṣe onípẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n lè má dá mi mọ̀, irun mi náà ti funfun. Ẹ̀rù ń bà mí jù pé wọ́n á dá mi mọ̀, tí wọ́n á sì tún bi mí ní ìbéèrè inú lẹ́tà yẹn. Láti Tuesday ni mo ti ń to ìdáhùn rẹ̀ pọ̀ ní èdè wọn, tí mo ń sọ ọ́ fún ara mi nínú mọ́tò bí mo ṣe ń lọ síbi iṣẹ́. Kò gùn. Màmá, ẹ ò ṣe nǹkan kan fún mi. Èmi ni mo ṣẹ̀ yín.

Bàbá rẹ